Ilé olódi Andalucía: ààfin kọ́ o, kí ló wá jẹ́?

Fọ́tò kan wà tó gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2016, kò sì tíì sinmi títí dòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi tún fi ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé ìṣọ́ kan ló wà níbẹ̀ lórí òkè, apá kan ẹ̀ jẹ́ òkúta àtijọ́ tó ti ń rún, tí koríko ń hù lára ẹ̀, apá tó kù wá funfun báláú, ó gún régé, ó ń dán bí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì tuntun. Orúkọ ibẹ̀ ni Matrera, nítòsí ìlú Villamartín ní ẹkùn Cádiz, ní Andalucía, apá gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ohun tí àbúrò mi kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí kọ́ńtírátọ̀ ṣe fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ààfin ọba o, owó ti bá ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ibẹ̀ kì í ṣe ààfin, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kì í ṣe sìmẹ́ńtì, ẹni tó sì ṣiṣẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣe. Mi ò dá a lẹ́bi ṣáá, sìnimá ló ba ojú wa jẹ́, tí wọ́n bá ti fi irú ilé báyìí hàn wá, ọkàn wa á ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ ọba obìnrin tó jókòó lójú fèrèsé tó ń dúró de ọkọ.

Tí mo bá sọ pé ilé olódi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo ń sọ ni ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ogun: ògiri gíga yí i ká, ilé ìṣọ́ wà lára ògiri, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ò ju kan tàbí méjì lọ, omi sì wà nínú ẹ̀. Ọba lè sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju ológun díẹ̀ àti ọ̀gá wọn lọ, tí òtútù ń mú, tí owó wọn kì í tètè dé.

Ta ló ń bá ta jà níbẹ̀?

Ọdún 711 ni àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí ré òkun kọjá láti Àríwá Áfíríkà, Tariq ibn Ziyad ló ṣáájú wọn, orúkọ ẹ̀ ló sì di orúkọ àpáta tó wà létí omi níbẹ̀: Jabal Tariq, ìyẹn òkè Tariq, òun náà ni gbogbo ayé ń pè ní Gibraltar lónìí. Kò pẹ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà fi bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pè é ní al-Andalus, Córdoba ni olú ìlú wọn. Nígbà tó di 929, Abd al-Rahman Kẹta, ọba wọn níbẹ̀, pe ara ẹ̀ ní kálífà, ìyẹn olórí gbogbo Mùsùlùmí. Nígbà tó di 1031, gbogbo ẹ̀ ti tú ká, ìlú ńlá kọ̀ọ̀kan gbé ọba tiẹ̀ kalẹ̀ (taifa ni wọ́n ń pe irú ìjọba kékeré bẹ́ẹ̀), aládùúgbò ò fọkàn tán aládùúgbò mọ́, ni kálukú bá ń mọ odi.

Láti òkè àríwá, àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba Toledo ní 1085. Ogun Las Navas de Tolosa, ní oṣù keje ọdún 1212, ní ilẹ̀ tó jẹ́ ẹkùn Jaén lónìí, òun ló wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: Córdoba lọ ní 1236, Jaén lọ ní 1246, Seville lọ ní 1248. Kò pẹ́ sí i, ó ku Granada nìkan.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Granada ò ṣubú títí di ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1492. Láti ìgbà tí Jaén ti lọ títí di ọjọ́ yẹn, bí ọdún 250 ni bodè fi wà láàrin ilẹ̀ Andalucía fúnra ẹ̀, tí ẹni tó ń da ewúrẹ́ lápá ibí ń rí èéfín ilé ẹni tí ọba ẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀. Ìdí tí ilé olódi fi pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Bodè yẹn ò dúró lójú kan, ó ń sún, gbogbo ibi tó bá sì sún dé ni wọ́n ti máa kọ́ òmíì tàbí kí wọ́n tún èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ṣe.

Ẹ má sì rò pé gbogbo Mùsùlùmí wà lápá kan, gbogbo Kìrìsìtẹ́nì lápá kejì. Muhammad Kìíní, ọba tó dá ìjọba Granada sílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san fún Fernando Kẹta, ọba Castile, ìjọba Kìrìsìtẹ́nì kan, nígbà tí Fernando sì sàga ti Seville, Muhammad yìí kan náà ló rán àwọn ẹlẹ́ṣin lọ bá a gba ìlú Mùsùlùmí ẹgbẹ́ ẹ̀. Òṣèlú ni, kì í ṣòní.

Kí ló dé tí orúkọ wọn fi pọ̀ tó báyẹn?

Ẹni tó bá ka ìwé ìrìn-àjò Andalucía á rí castillo, á rí alcázar, á rí alcazaba, á rí atalaya, orí ẹ̀ á sì dàrú. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ń lo apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí nílé ìdáná yín láìmọ̀. "Àl" tó wà níwájú àlùbọ́sà, tó tún wà níwájú àlùbáríkà, èdè Lárúbáwá ló ti wá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni tí wọ́n máa ń fi síwájú orúkọ nǹkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa (àlùbọ́sà gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá), a ò gé e kúrò. Àwọn ará Sípéènì náà ò gé tiwọn. Ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Sípéènì tó ní "al" níwájú, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ẹnu Lárúbáwá ló ti jáde.

Castillo ni orúkọ gbogbogbò, ilé olódi èyíkéyìí. Alcázar ni èyí tí olórí ìlú ń gbé, odi àti ààfin pa pọ̀, bíi ti Seville tí ọba Pedro Kìíní, Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé, ní kí àwọn oníṣọ̀nà kọ́ ààfin sí ní 1364, tí gbogbo ara ògiri ẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí àti lẹ́tà Lárúbáwá, tí ọba Sípéènì sì ṣì ń dé sí títí dòní tó bá wá sí Seville. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ọnà báyìí tó fi hàn pé Mùsùlùmí ló ni ilé, ẹ rántí Pedro.

Alcazaba yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wò ó bíi báráàkì tí ilé gómìnà wà nínú ẹ̀, tó jókòó sórí òkè, tó ń wo ìlú nísàlẹ̀. Ó ń ṣọ́ ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì ń ṣọ́ àwọn ará ìlú náà pàápàá, torí ìgbà míì wà tí ọ̀tá ń bẹ nílé. Ti Almería, tí Abd al-Rahman Kẹta pàṣẹ ẹ̀ ní 955, wà lára àwọn tó tóbi jù ní gbogbo Sípéènì. Alhambra, ilé olódi ńlá tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní Granada, náà ní alcazaba tiẹ̀, òun ló tiẹ̀ dàgbà jù níbẹ̀, àwọn ààfin aláràbarà tí à ń rí nínú fọ́tò Alhambra, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n tó kọ́ wọn. Al-hamra, "pupa" ló túmọ̀ sí.

Atalaya ni ọmọ kékeré ilé. Ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo tó dá dúró lórí òkè, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n la ojú: tí wọ́n bá rí ọ̀tá lọ́sàn-án wọ́n á fi èéfín sọ ọ́, tó bá jẹ́ òru wọ́n á dá iná, atalaya kejì á rí i, òun náà á dá tiẹ̀, báyẹn ni ìròyìn á ṣe sáré ju ẹṣin lọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé castillo àti alcázar, tí gbogbo èèyàn ń rò pé ọ̀kan jẹ́ ti Kìrìsìtẹ́nì tí èkejì jẹ́ ti Mùsùlùmí, ìyá kan náà ló bí wọn. Castrum ni àwọn ará Róòmù ń pe ibùdó ológun. Àwọn Lárúbáwá yá a, wọ́n sọ ọ́ di qasr, wọ́n fi "al" síwájú ẹ̀, ó di alcázar. Àwọn ará Sípéènì gba ọ̀nà tiwọn láti inú èdè Látìn, ó di castillo. Ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan gba Áfíríkà lọ kó tó padà sílé.

Àwọn ihò ara ògiri yẹn ńkọ́?

Ìbéèrè yìí pọ̀. Ẹ lọ wo fọ́tò ilé olódi Baños de la Encina ní ẹkùn Jaén, ògiri ẹ̀ pupa rúsúrúsú, ilé ìṣọ́ onígun mẹ́rin 14 ló yí i ká, ọ̀kan ràgàjì kan wá wà láàrin wọn tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi kún un lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, Almena Gorda ni wọ́n ń pè é, "gorda" ni ẹni tó sanra. Tí ẹ bá fa fọ́tò náà tóbi, ẹ máa rí ihò kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ gbọọrọ, ìlà kan, ìlà míì lókè ẹ̀, títí dé òkè pátápátá. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń ta ọfà gbà. Rárá o. Ògiri yẹn nípọn, ihò ò là á já síta bẹ́ẹ̀, ta ló máa ta ọfà gba inú nǹkan tí apá ò lè wọ̀?

Ilẹ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí. Tapial ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé pákó méjì dúró kọjú síra bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ da kọnkéré, wọ́n á fi igi dábùú sábẹ́ kó gbé pákó náà dúró, wọ́n á wá da erùpẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti láìmù (òkúta funfun tí wọ́n ti sun níná) sáàárín, wọ́n á máa gún un bí iyán títí tó fi máa le gbagidi. Tí ìpele yẹn bá gbẹ, tí kì í ga tó mítà kan, wọ́n á tú pákó, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òmíì. Igi tó dábùú yẹn, tí wọ́n bá yọ ọ́ tàbí tó bá jẹrà sínú ògiri, ihò ló máa kù. Ohun tí ẹ ń wò nìyẹn, ipa ẹsẹ̀ àwọn bíríkìlà. Ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.

Kí ẹ wá mọ̀ pé wọn kì í fi ògiri yẹn sílẹ̀ níhòòhò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n máa ń fi láìmù rẹ́ ẹ kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí à ń yàwòrán ẹ̀ kiri yẹn, egungun ni, ara ti bọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì máa padà sórí ẹ̀ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ fìríìjì funfun wa.

Ṣé ògiri gíga nìkan ló ń dá ọ̀tá dúró?

Rárá, omi ni. Ẹ lè ní ògiri tó kan ọ̀run, tí ẹ ò bá ní omi, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn fúnra yín. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé olódi gidi fi ní aljibe, ìyẹn tánkì abẹ́ ilẹ̀ tó ń gba omi òjò (ẹ tún rí "al" yẹn, àbí?).

Lẹ́yìn omi ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn Mùsùlùmí Andalucía kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà wọn gún. Ẹ bá wọ Puerta de la Justicia ní Alhambra, tí wọ́n kọ́ ní 1348, ẹ ò ní rí inú ìlú lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ máa yà, ẹ tún máa yà, nínú òkùnkùn. Ẹ wá rò ó pé ẹ̀yin lẹ̀ ń sáré bọ̀ pẹ̀lú igi ńlá tí ẹ fẹ́ fi já ilẹ̀kùn, ẹ ò lè sáré gba kọ́nà, àwọn tó wà lókè sì ń da nǹkan lé yín lórí, àkàtànpó ń dún lápá ọ̀tún. Ọgbọ́n tó lágbára ju òkúta lọ nìyẹn.

Nǹkan kẹta ni ẹni tó wà nínú ẹ̀. Ilé ìṣọ́ tó ga jù nínú ilé olódi, torre del homenaje ni wọ́n ń pè é, homenaje yẹn ni ìbúra tí balógun ibẹ̀, alcaide, máa ń ṣe fún ọba pé òun ò ní gbé ilé náà fún ọ̀tá. Ìbúra yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1294, Alonso Pérez de Guzmán ló ń ṣọ́ Tarifa, níbi tí Sípéènì ti sún mọ́ Mòrókò jù, nínú ilé olódi tí kálífà Abd al-Rahman Kẹta kọ́, tí òkúta ẹnu ọ̀nà ẹ̀ sì ní ọdún 960 lára. Àwọn tó dó tì í ni ọmọ ogun láti Mòrókò pẹ̀lú Juan, àbúrò ọba Castile fúnra ẹ̀, tó ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà. Ọmọ Guzmán wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n mú ọmọ náà wá síwájú ògiri, wọ́n ní kí bàbá ẹ̀ ṣílẹ̀kùn àbí káwọn pa á. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Guzmán yọ ọ̀bẹ tiẹ̀ ju sí wọn láti orí odi pé kí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pa ọmọ náà. Tarifa ò ṣubú. Títí dòní Guzmán el Bueno ni wọ́n ń pè é, Guzmán ẹni rere, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lára ilé olódi náà. Èmi ò mọ̀ bóyá ìyá ọmọ yẹn á pè é bẹ́ẹ̀.

"De la Frontera" wo ló wà lẹ́yìn orúkọ ìlú wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré ìje alùpùpù ti gbọ́ Jerez. Jerez de la Frontera lorúkọ ẹ̀ gangan. Arcos, Vejer, Jimena, Morón, gbogbo wọn ló ní "de la Frontera" lẹ́yìn. Frontera ni bodè. Jerez-létí-bodè, Arcos-létí-bodè. Tí ẹ bá fi pẹ́ńsùlù sàmì sí wọn lórí máápù, ìlà tí bodè Granada tẹ̀ lé nígbà kan á yọ síta fúnra ẹ̀.

Ilé olódi kan ṣoṣo lè dá ogun ńlá sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1481, àwọn ọmọ ogun Granada yọ́ gun Zahara, ilé olódi kan tó wà lọ́wọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, lóru, wọ́n gbà á. Ní oṣù kejì 1482, àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà yọ́ gba Alhama, tó wà nínú ilẹ̀ Granada lọ́hùn-ún. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ò tán títí Granada fi tán.

Kí ló wá sọ wọ́n di ahoro?

Àgbá ni, ìyẹn ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń wó odi. Ògiri gíga tinínrín dáa fún ọfà àti àkàbà, àmọ́ bó bá ṣe ga tó ni àgbá ṣe máa ń rí i yìn tó. Ronda, tí gbogbo èèyàn rò pé ẹnikẹ́ni ò lè gbà torí orí àpáta gègèrè ló wà, ó lọ ní 1485. Málaga ní alcazaba, ó tún ní ilé olódi Gibralfaro lórí ẹ̀, ògiri alápá méjì so wọ́n pọ̀, ó gbìyànjú láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹjọ 1487, ebi ló ṣe é níkẹyìn, wọ́n jẹ ẹṣin tán kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó yè ni wọ́n sì kó lẹ́rú.

Lẹ́yìn 1492 kò sí bodè mọ́, ta ló máa sanwó ẹ̀ṣọ́? Àwọn ará abúlé ń kó òkúta lọ fi kọ́ ilé àti ọgbà ẹran. Ti Vélez-Blanco ló yà mí lẹ́nu jù. Ọlọ́lá kan kọ́ ọ láàrin 1506 sí 1515, ó fi máàbù funfun ṣe àgbàlá inú ẹ̀. Ní 1904 àwọn tó jogún ẹ̀ tú àgbàlá náà tà, ó kọjá òkun, inú mùsíọ́mù Metropolitan ní New York ló wà báyìí. Ẹni tó bá lọ sí Vélez-Blanco á rí ilé, àyà ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà.

Àwọn míì sì wà tí wọ́n gún régé jù. Almodóvar del Río, lẹ́bàá Córdoba, tó ti fara hàn nínú sìnimá orí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ ń rí bíi pé àná ni ológun jáde níbẹ̀, láti 1901 ni olówó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, iṣẹ́ náà sì lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó rẹwà o. Àmọ́ ẹni tó bá dúró síwájú ẹ̀ ò lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ ti ayé àtijọ́ àti èyí tó jẹ́ ti bàbá àgbà wa.

Kí ló wá ṣe Matrera?

Láti 1949 ni òfin Sípéènì ti dáàbò bo gbogbo ilé olódi, bó ti wù kó wó tó. Odi ti wà ní Matrera láti bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà tó di 2013, òjò wó apá ńlá kan nínú ilé ìṣọ́ ẹ̀, ó di dandan kí wọ́n gbé e ró kó tó dà lulẹ̀ tán. Òfin Andalucía ti 2007 wá sọ pé tí ẹ bá fi ohun tuntun kún ti àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere pé tuntun ni, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ayédèrú. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ṣe ní Almodóvar, òfin ò gbà á mọ́. Ayàwòrán ilé náà wá fún ilé ìṣọ́ yẹn ní gíga àti fífẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, ó da òkúta àtijọ́ tó kù padà sójú ibi tó wà, ó sì fi láìmù rẹ́ ibi tó ṣófo. Láìmù o, irú èyí tí wọ́n ń fi rẹ́ ilé ní agbègbè yẹn láyé ọjọ́sí.

Inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò dùn sí i. Ẹgbẹ́ Hispania Nostra, tó ń jà fún ohun àtijọ́ ní Sípéènì, bínú gidi, ìwé ìròyìn káàkiri ayé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, lọ́dún kan náà ni ìbò àwọn èèyàn tún gbé e gba ẹ̀bùn àwọn ayàwòrán ilé. Tèmi ni pé ojú mi ò gbà á, funfun yẹn ti pọ̀ jù, ìbá dáa kí wọ́n fi erùpẹ̀ díẹ̀ sí i kí ó rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ kò parọ́ fún mi. Mo wo fọ́tò yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo ti mọ òkúta tí ológun bodè fi ọwọ́ kàn àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì bá jà.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àbúrò mi nínú voice note mẹ́rin. Ó dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé òun ti gbọ́, òun gbà pé kì í ṣe ààfin, kì í sì ṣe sìmẹ́ńtì, àmọ́ kí n bá òun bi wọ́n, èló ni láìmù?